Sí Bàbá Rùkáyà, Ọdẹ Ọlọ́fà Tí Kì Í Fi Ẹran Tó Gbọgbẹ́ Sílẹ̀

Bàbá Rùkáyà, ọkọ mi, òní ló pé ọjọ́ mẹ́rìndínlógójì tí ẹ ti bọ́ bàtà yín sẹ́nu ọ̀nà tí ẹ kò tún padà wá wọ̀ ọ́. Ó dàrìnnàkò, ó dojú àlá. Wọ́n ní kí n kọ ọ̀rọ̀ ìdágbére sínú ìwé tí wọn yóò pín níbi àdúrà ogójì ọjọ́ yín. Rùkáyà, ọmọ wa, ní kí n rí i pé ọ̀rọ̀ náà dùn. Mo gbìyànjú. Mo kọ ojú ìwé kan, mo ya á dànù. Inú ń bí mi sí yín, mo sì ń sunkún yín, mi ò mọ èyí tó yẹ kí n kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ nínú méjèèjì.

Kí ẹni tí kò mọ̀ yín lè mọ̀ yín: àgbẹ̀ ni yín lójú ọ̀nà Kúta, ọdẹ sì ni yín pẹ̀lú. Ìbọn ni àwọn ẹgbẹ́ yín yòókù nílùú Ìwó ń gbé. Ọrun àti ọfà ni tiyín. Ẹ máa ń sọ pé, "Ìbọn á pa ohun tí o kò tíì rí tán. Ọfà ńkọ́? Àfi kí o sún mọ́ ẹran débi tí wàá ti máa rí ìpéǹpéjú rẹ̀." Ẹ kì í fi oró sẹ́nu ọfà, ẹ ní májèlé kọ́ ni ènìyàn ń fi wá oúnjẹ ọmọ. Ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n, tí ẹnu rẹ̀ kì í yá. Ṣùgbọ́n ẹran tí ọfà tí kò lóró bá bà kì í ṣubú lójú kan náà. Á sá wọ igbó, á máa ṣẹ̀jẹ̀ lọ, ọdẹ á sì máa tọpa ẹ̀jẹ̀ náà títí yóò fi bá a.

Ibẹ̀ ni ìyọnu tèmi ti bẹ̀rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ni àgbọ̀nrín máa ń jáde wá jẹ ewé ẹ̀wà nínú oko yín. Ẹ máa ń ta á kí oòrùn tó wọ̀, lẹ́yìn náà ẹ máa ń jókòó. Ẹ ní ọdẹ tó bá sáré tẹ̀lé e ló ń lé e jìnnà, pé ẹran tí kò bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ á dùbúlẹ̀ nítòsí. Torí náà, ẹ ó kírun Mágàríbì lórí ewé, ẹ ó jẹ gúgúrú àti ẹ̀pà tí mo dì fún yín, ẹ ó kírun Ìṣáì, ìgbà yẹn ni ẹ ó tó tan tọ́ọ̀ṣì orí yín. Ní gbogbo àsìkò yẹn, èmi wà nílé, mo gbé ọbẹ̀ lé iná, mo sọ ọ́ kalẹ̀, mo tún gbé e padà. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo fi jẹ ẹ̀bà tó ti le.

Bí mo bá sọ̀rọ̀, ìdáhùn kan ṣoṣo ni ẹ ní: "Ìyá Rùkáyà, èmi ni mo dá a lóró. Ṣé kí n wá lọ sùn, kí òun máa jẹ̀rora mọ́jú?" Ẹ ti sọ òdodo di ẹgba tí ẹ fi ń nà mí.

Ní nǹkan bí ọdún márùn-ún sẹ́yìn, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í bá bátìrì jà. Ọ̀sẹ̀ kì í parí kí ẹ tó ra òmíràn. Ẹ ní bátìrì ayé ìsinsìnyí ò lágbára. Ẹ bú ẹni tó ṣe é, ẹ bú ẹni tó tà á, ẹ tún bú ọmọ Hausa tó bá yín tún tọ́ọ̀ṣì náà ṣe. Mo yẹ ẹ́ wò lọ́jọ́ kan, iná rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ mi lójú. Ó yẹ kí n ti fura láti ọjọ́ náà. Mi ò fura.

Ọjọ́ tí àṣírí tú, mo jókòó, mo ń máàkì ìwé àwọn ọmọ kíláàsì kẹta tí mo ń kọ́, fóònù mi dún. Ìyá Àfúsá ni, obìnrin tí a máa ń ra epo pupa lọ́wọ́ rẹ̀ ní Kúta.

Ó ní, "Ìyá Rùkáyà, ṣé ẹ jókòó?"

Mo ní mo jókòó, kí ló dé?

Ó ní, "Ọkọ yín wà lẹ́yìn ilé mi báyìí o. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pẹ̀lú ọrun lọ́wọ́, wọ́n ń bi mí pé níbo ni mo gbé àgbọ̀nrín àwọn pamọ́ sí."

Kẹ́ẹ̀gì epo rẹ̀ ló jò lẹ́yìn ọ̀kadà nígbà tó ń ti ibi tí wọ́n ti ń fún epo bọ̀. Epo náà kán sílẹ̀ tó, tó, tó, lójú ọ̀nà oko títí dé ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Àgbọ̀nrín yín dá ọ̀nà náà kọjá, ó wọ igbó òdìkejì lọ ní tirẹ̀. Ẹ̀yin bá epo lọ. Ọdẹ tó ti tọpa ẹran láti kékeré, epo pupa ló fà á lọ́wọ́ dé ìdí ààrò obìnrin tó ń yan gàrí! Ìyá Àfúsá ní nígbà tí òun sọ fún yín pé epo ni, ẹ fìka kan ilẹ̀, ẹ gbé e sẹ́nu.

Ẹ wọlé, ẹ kí mi, ẹ gbé ọrun kọ́. Ẹ ní, "Ẹran yẹn ti sá rékọjá odò."

Mo wò yín. Mo ní, "Ẹ kọ́kọ́ lọ fọ epo tó wà lórúnkún yín."

Ẹ jókòó sórí àpótí. Ẹ kọ́kọ́ ní ọ̀fìnkìn ló ń ṣe yín tí ẹ ò fi gbóòórùn epo. Nígbà tó yá, ẹ ní, "Ó ti lé lọ́dún kan tí mi ò ti dá pupa mọ̀ mọ́ bí ilẹ̀ bá ti ṣú." Ọdún kan! Orí ẹní kan náà ni àwa méjèèjì ń sùn. Ẹ ń fi ojú yẹn wọ igbó lálẹ́, ẹ sì ń jẹ́ kí n máa dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun pé ọkọ mi mọ̀nà.

Mo fẹ́ bínú títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, àmọ́ ẹ ò fún mi láyè. Ẹ ti ń wá bàtà yín kiri. Ẹran náà ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú irin lára, òjò sì ń ṣú. Bí òjò bá fọ ẹ̀jẹ̀ náà lọ, ó parí. Mo bi yín pé ojú wo ni ẹ máa fi wá a. Ẹ wọ bàtà. Nígbà tí mo rí i pé bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ máa lọ, mo wọ ṣòkòtò Rùkáyà sábẹ́ ìró mi, mo gba tọ́ọ̀ṣì orí yín, mo dè é mọ́ orí ìborùn mi.

Bàbá Ràájì, ọ̀rẹ́ yín oníbọn, ni ẹ pè kí wọ́n wá fi ọ̀kadà gbé yín. Bí wọ́n ṣe rí mi, wọ́n pariwo: "Obìnrin? Kó wọ igbó lọ tọpa ẹran? Kí àwọn ọdẹ má gbọ́ èyí o!" Mo ní, "Bàbá Ràájì, ẹ̀yin tí ojú yín mọ epo yàtọ̀ sí ẹ̀jẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀ ká jọ lọ." Wọ́n ní orúnkún ń dun àwọn. Wọ́n dúró ti ọ̀kadà wọn.

Ẹ kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà, olùkọ́ tó sàn jù mí lọ ni yín. Ẹ ní, "Má tẹ orí ẹ̀jẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni kí o máa rìn. Ibi tí o bá ti rí i kẹ́yìn, sàmì síbẹ̀ kí o tó wá òmíràn. Má wo ilẹ̀ nìkan, ẹran ga. Wo ara koríko tó bá ìhà rẹ̀ dọ́gba." Mo ń ya ìwé àtijọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi, mo ń so ó mọ́ ẹ̀ka igi níkọ̀ọ̀kan. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ bá ti parẹ́ mọ́ mi lójú, mo máa wẹ̀yìn, àwọn bébà funfun náà á ti tò sẹ́yìn wa, mo sì máa rí ibi tí ẹran náà dojú kọ. Lábẹ́ igi ayùnrẹ́ kan ni a ti bá a. Ó ṣì ń mí. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ fọwọ́ lé e lọ́rùn, ẹ ní, "Má bínú," kí ẹ tó ṣe Bìsímílàhì tí ẹ fi ọ̀bẹ tú u sílẹ̀. Òjò bá wa lọ́nà. Nígbà tí a délé, ẹ jẹ ẹ̀bà tó ti le náà tán, ẹ ò ráhùn.

A fi itan kan ránṣẹ́ sí Ìyá Àfúsá. Ó ní kí n bá òun kí Ọdẹ Elépo. Orúkọ náà ti délé-dóko kí ọ̀sẹ̀ tó parí, láti Kúta dé Ilé-Ogbó. Àwọn ènìyàn á máa béèrè lọ́wọ́ yín pé, "Bàbá, epo ti tán nílé wa o, ìgbà wo lẹ tún ń lọ sóde?" Ẹ máa ń rẹ́rìn-ín ni.

Oṣù mẹ́jọ ni mo fi bẹ̀ yín kí ẹ tó gbà kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún yín. Wọ́n yọ ohun tó bo ojú méjèèjì. Nígbà tí wọ́n tú báńdéèjì, mo bi yín pé ṣé ẹ ti ríran. Ẹ ní, "Díẹ̀díẹ̀. Ti ọ̀sán ti dáa. Ti alẹ́ ló kù." Mo gbà yín gbọ́. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo tún fi ru tọ́ọ̀ṣì náà. Ìjàlọ jẹ mí, ẹ̀gún ya ìró mi mẹ́ta, mo ṣubú sínú ihò òkété. Ẹ̀yin ń tẹ̀lé mi lẹ́yìn pẹ̀lú ọrun yín, ẹ ń bi mí jẹ́jẹ́ pé, "Ṣé o rí i?"

Ní ọjọ́ kẹjọ tí ẹ kú, lẹ́yìn tí àwọn Ààfáà ti lọ, Bàbá Ràájì jókòó tì mí. Wọ́n ń sunkún, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ìyá Rùkáyà, ojú ọkọ yín ti ríran tipẹ́. Òun ló máa ń ka ọ̀rọ̀ wínníwínní ara páálí oògùn fún mi lálẹ́. Ó ní bí òun bá jẹ́ kí ẹ mọ̀, ẹ máa padà lọ jókòó sílé."

Bàbá Rùkáyà! Ta ló ń ṣe irú èyí? Ṣebí ẹ lẹ́nu. Ṣebí ẹ lè sọ pé, "Mo fẹ́ kí o máa bá mi lọ." Lóòótọ́, ǹ bá kọ̀. Ǹ bá ní mo ní ìwé tí mo fẹ́ máàkì. Ẹ mọ̀ mí dáadáa, ìyẹn gan-an tún ń bí mi nínú.

Nítorí mi ò lè purọ́ sínú ìwé tí ẹ̀dá ń kà: ó dùn mọ́ mi. Láàárín Mágàríbì àti Ìṣáì, tí a jọ jókòó sórí ewé, tí a ń jẹ gúgúrú nínú ọ̀rá kan, ẹ máa ń bá mi sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹ wá dúró níwájú ilé bàbá mi kí ẹ tó láyà láti kanlẹ̀kùn, nígbà tí ẹ fẹ́ fẹ́ mi. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni a ti jọ gbé nínú ilé tí ẹ kò sọ ọ́.

Bí ikú ṣe fẹ́ dé, ẹ tún ṣe bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Orí ń fọ́ yín láti àárọ̀, ẹ ní kò sí nǹkan. Ẹ kírun Àlàásárì, ẹ ní kí n jẹ́ kí ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ tó máa gbé wa lọ sílé ìwòsàn yóò fi dé, ẹ ti lọ. Ẹ̀yin tí ẹ kò lè jẹ́ kí ẹranko jẹ̀rora mọ́jú, ẹ jẹ tiyín níkọ̀kọ̀ lójú mi. Ẹ ò jẹ́ kí n rí ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan tí mo lè tọpa rẹ̀. Èyí ni mi ò tíì lè dárí rẹ̀ jì yín. Mo ń gbìyànjú.

Nísinsìnyí, inú opó ni mo wà, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá, mi ò sì gbọdọ̀ jáde lálẹ́. Ní Àlàmísì tó kọjá, lẹ́yìn Ìṣáì, ọdẹ kan láti Ilé-Ogbó dúró lójú fèrèsé. Ó ní, "Ìyá, ẹ má bínú. Mo yìnbọn fún àgbọ̀nrín, kò bà á re, ẹ̀jẹ̀ ti parẹ́ mọ́ mi lójú. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n wá." Mo dúró sínú ilé, mo ṣàlàyé fún un bí ẹ ṣe ṣàlàyé fún mi. Ó dúpẹ́, ó lọ. Láàárọ̀, ó pè mí pé òun ò rí i. Mi ò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Mo dùbúlẹ̀, mo ń ro ti ẹran tí mi ò mọ̀, tí èmi kọ́ ni mo ta. Ẹ wo nǹkan tí ẹ gbé kọ́ mi lọ́rùn, Bàbá Rùkáyà!

Ẹ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ ire o, ọkọ mi, ọdẹ tó ń wo ojú ẹran kó tó ta á. Kí oorun náà dùn mọ́ yín. Kí Ọlọ́hun fẹ sàréè yín, kó tan ìmọ́lẹ̀ síbẹ̀, kó sì ṣàforíjì fún yín ṣíwájú tèmi. Bí opó yìí bá ti parí, ọdẹ yòówù tó bá ta ẹran tí kò rí i, kó wá kanlẹ̀kùn wa. Màá bá a lọ wá a.