Ìpín Ọ̀nà Odò Tí Bàbá Mi Ro

Ní kékeré mi, nígbà tí ilé tó ní rédíò kò pọ̀ ní ìlú wa tó wà láàrin Ìjerò àti Àrámọ̀kọ̀, ẹnu akéde ni ìròyìn ti ń jáde. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi yóò rántí. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, tí àwọn ìyá wa ń gún iyán lọ́wọ́, agogo a dún láti ọ̀nà ọjà. Odó a dákẹ́. Gbogbo àdúgbò a tẹ́tí. Agogo yìí ló ń sọ ẹni tó kú fún wa, ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ sọnù, àti ọjọ́ tí a lè wa iṣu tuntun.

Ìgbà kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tirẹ̀. Nígbà ọyẹ́, a máa ń yáná ní ìdájí, ìyá mi a sì fi àdí pa wá lára títí a ó fi máa dán. Nígbà kòkó, àwa ọmọdé a máa lá omi rẹ̀ tó ń ṣàn dé ìgbọ̀nwọ́ wa. Ẹni tó bá lá a jù, inú a run ún, kò sì ní lè sọ fún bàbá rẹ̀. Ẹni tó bá fọ́ ìkòkò omi yóò kúnlẹ̀, yóò na ọwọ́ méjèèjì sókè títí wọn yóò fi gún iyán tán, òórùn ọbẹ̀ ẹ̀gúsí yóò sì máa fìyà tirẹ̀ jẹ ẹ́ lọ́tọ̀.

Iṣẹ́ tí a kà sí jù lọ ni ríro ọ̀nà odò kí iṣu tuntun tó jáde. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ní ìpín tirẹ̀, pẹ̀rẹ̀gún ni wọ́n sì fi pààlà. Akéde a kéde ọjọ́, àwọn ọkùnrin a jáde pẹ̀lú àdá àti ọkọ́. Lọ́jọ́ kejì, àwọn àgbà àdúgbò a rin ọ̀nà náà wò. Ìdílé tí kò bá ro ìpín rẹ̀, wọn a mú ẹran rẹ̀ kan, wọn a sì fi agogo kéde orúkọ rẹ̀.

Lọ́dún kan, kòkó bẹ̀rẹ̀ sí í rà dúdú lórí igi ní aba wa lọ́nà Ìjurìn, bàbá mi, Ajíbóyè, sì níláti lọ fín in. Kí ó tó lọ, ó ro ìpín wa ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n dá. Èmi ni mo ń kó koríko lẹ́yìn rẹ̀. Bí ènìyàn bá ju abẹ́rẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, yóò rí i. Lẹ́yìn tí ó lọ ni òjò dé. Ẹ mọ bí koríko wa ti ń ṣe nígbà òjò. Kí ọjọ́ àyẹ̀wò tó pé, ó ti tún hù kọjá ọrùn ẹsẹ̀, ó ń tutù yọ̀yọ̀ láàrin ìpín àwọn ẹlòmíràn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ro.

Ìyá mi kúnlẹ̀ níwájú àwọn àgbà. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá mi, ọkọ mi ti ro ó. Òjò ló mú un hù padà."

Ọ̀kan nínú wọn dáhùn pé, "Ṣé ìpín tiyín nìkan ni òjò rọ̀ sí ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì fa òbúkọ wa lọ. Òbúkọ yẹn ni bàbá mi ń sìn kí n lè wọ ilé-ìwé girama. N kò wọ̀ ọ́ mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́, a ń fi epo jẹ iṣu, òórùn ẹran wa sì ń gba ojú fèrèsé wọlé bá wa. Bẹ́ẹ̀ ni agogo dún: "Ará ulé, ará ọjà, ẹ gbọ́ o. Ajíbóyè kò ro ìpín rẹ̀. Ọ̀nà tí gbogbo wa ń tọ̀ lọ pọnmi, ó fi sílẹ̀ fún ejò."

Bàbá mi dé láti aba. Ó mú olórí àdúgbò lọ sí ìpín wa, ó ya koríko tuntun sọ́tọ̀, ó sì fi àwọn kùkùté tí àdá rẹ̀ ti gé hàn án. Olórí tẹjú mọ́ ọn.

"Òótọ́ ni, Ajíbóyè, o ro ó. Ṣùgbọ́n agogo ti dún ná."

Láyé ìgbà náà, wọn kì í lu agogo láti já agogo nírọ́. Wọ́n ní bí àwọn bá ṣe é lẹ́ẹ̀kan, ìlú kò ní gba akéde gbọ́ mọ́. Orúkọ bàbá mi ni wọ́n wá fi dáàbò bo iyì agogo. Bí mo bá dé odò, àwọn ẹgbẹ́ mi a ní, "Ẹ yà fún un, ọmọ olóko ejò ń bọ̀." Mo jà títí aṣọ mi fi ya, ìyá mi sì tún nà mí nítorí aṣọ. Bàbá mi ń ro ìpín rẹ̀ lọ́dọọdún títí ó fi kú, ọjọ́ àyẹ̀wò gan-an ni ó sì máa ń ro ó, kí ìrì tó gbẹ.

Lọ́dún yìí, mo gbé ọ̀rọ̀ náà dìde ní ìpàdé àdúgbò.

Olórí tó wà níbẹ̀ báyìí bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló kù tó rántí?"

"Èmi."

"Ó dáa, a ó fún yín ní òbúkọ kan."

"Ẹ jẹ́ kí òbúkọ máa jẹ koríko. Agogo ni mo wá gbà."

"Ṣé ká kọ ọ́ sórí Wáńsáàpù àdúgbò?"

Mo ní, "Wọn kò fi fóònù ba orúkọ bàbá mi jẹ́. Ibi tí wọ́n ti sọ ọ́ ni kí wọ́n ti sọ ọ́."

Wọ́n wo ara wọn, wọ́n sì gbà. Akéde òde òní ń gun ọ̀kadà, ó ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn kéde. Mo ní kí ó sọ̀ kalẹ̀, kí ó fi ẹsẹ̀ rìn, kí ó sì lu agogo. Ó kéde abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọ wẹ́wẹ́, ó kéde ìkórè ìjọ, ó wá sọ pé, "Ajíbóyè ro ìpín rẹ̀ lọ́nà odò. Ó ro ó mọ́. Àwọn àgbà ló ṣì í dá lẹ́jọ́."

Nígbà tiwa, kò sí ọmọ tí kò mọ ẹni tó wà láàyè ní àdúgbò àti ẹni tó ti kú, nítorí agogo kan náà ni gbogbo wa ń gbọ́. Lónìí, kálukú ń gbọ́ ìròyìn tirẹ̀ lórí fóònù, omi ẹ̀rọ wà lẹ́nu ọ̀nà ilé, ọ̀pọ̀ ọmọ kò sì fi ẹsẹ̀ tẹ ọ̀nà odò rí. Ìdí nìyí tí àwọn ọ̀dọ́ kan fi wá kan ilẹ̀kùn mi ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Wọ́n ní àwọn gbọ́ pé bàbá kan ro ọ̀nà odò, àwọn wá dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

"Bàbá, ṣé wọ́n wà nílé?"

Mo ní wọ́n wà. Mo mú wọn lọ sí ẹ̀gbẹ́ ilé, níbi tí a sin bàbá mi sí. Wọ́n wo ibojì, wọ́n wo ojú mi. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín nínú wọn. Èyí tó dàgbà jù ṣí fìlà, ó dọ̀bálẹ̀, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e.

"Ẹ kú iṣẹ́, bàbá."