Ata Ta Ló Kọ́kọ́ Pọ́n?

Ẹ̀yìn ilé ìlagi kan ni ọgbà náà wà. Wọ́n pín in sí ègé mẹ́rìnlá, ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo ló sì wà fún gbogbo wọn. Káfíńtà kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ni ègé tó sún mọ́ ẹ̀rọ omi jù lọ. Ọdún mọ́kànlá gbáko ni tàtàṣé rẹ̀ fi ń kọ́kọ́ pọ́n nínú ọgbà yẹn, ni wọ́n bá sọ ọ́ ní Bàbá Àkọ́pọ́n. Ẹni tó bá pè é ní orúkọ mìíràn, á dá a lóhùn, ṣùgbọ́n kò ní dá a lóhùn tayọ̀tayọ̀.

Kì í ṣe pé irúgbìn rẹ̀ tètè ń pọ́n o. Ata rẹ̀ a máa lọ́ra bí ẹni tó ń múra òde. Ó nípọn, ó dùn, ó tóbi tó ìkúùkù, ṣùgbọ́n ó ń gbà tó àádọ́rùn-ún ọjọ́ lẹ́yìn tó bá ti dé inú ọgbà. Ọgbọ́n tó ń dá ni pé á ti gbin hóró sínú àpótí pákó lójú fèrèsé yàrá rẹ̀ nígbà tí àwọn yòókù kò tíì rántí ibi tí wọ́n ju ọkọ́ sí.

Ìyàwó rẹ̀ á ní, "Bàbá wọn, ṣé àwa la ni yàrá yìí ni, àbí ata?"

Òun á ní, "Ata kì í hanrun."

Lọ́dún tí agbẹ̀bí ilé ìwòsàn àdúgbò fẹ̀yìn tì, wọ́n fún un ní ègé tó bá ti káfíńtà pààlà. Obìnrin yìí ló gbẹ̀bí ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ìyàwó káfíńtà bí. Nígbà àkọ́bí, òun ló ti káfíńtà síta ní yàrá ìrọbí, tó ní kó lọ jókòó kó má bàa dákú mọ́ àwọn lọ́wọ́. Láti ìgbà náà ni ọkùnrin yìí kò ti lè wò ó lójú tààrà mọ́.

Ìyá Agbẹ̀bí kò mọ nǹkan kan nípa ọgbà, ó sì sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó mọ̀ ni kíka ọjọ́. Ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù onírúgbìn, ó jókòó, ó ń yí ẹ̀yìn páálí irúgbìn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò wo àwòrán rárá. Iye ọjọ́ tí ata á lò kó tó pọ́n ló ń wá. Mẹ́ta ló mú nínú àwọn tí kì í pẹ́, ó gbin igi mẹ́wàá mẹ́wàá, ó so òwú pupa mọ́ ìdí oríṣi kan, òwú funfun mọ́ èkejì, òwú búlúù mọ́ ẹ̀kẹta, kó lè mọ èyí tó máa tọ́jú àti èyí tó máa fi sílẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló ń kọ sínú ìwé kékeré kan: ọjọ́ tí hóró hù, ọjọ́ tó yọ òdòdó, iye tó so.

Káfíńtà ń wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́. Lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ìyá Agbẹ̀bí, ata kì í ṣe aboyún o."

Ìyá náà dáhùn pé, "Mo mọ̀. Aboyún lè ṣi oṣù kà fún mi. Ata ò lẹ́nu tó máa fi ṣì í."

Gbogbo àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ omi bú sẹ́rìn-ín. Káfíńtà náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò dénú. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ló lọ wá ọmọ ṣọ̀mbọ̀ tó ti ga dé orúnkún, ó gbìn ín sí gbogbo ààlà àárín àwọn méjèèjì, ó ní nítorí ewúrẹ́ ni. Kò sẹ́ni tó ń sin ewúrẹ́ ní àdúgbò náà. Ó kàn ń wá ohun tó máa bò ó lójú ni, kó má bàa máa rí ebè obìnrin náà láàárọ̀ àti lálẹ́.

Ṣọ̀mbọ̀ kò bò ó lójú tó. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, bó ṣe ń pọn omi, ó rí ohun pupa kan láàárín ewé ní ọ̀hún. Ó kọ́kọ́ rò pé òwú ni. Ó sún mọ́ ọn. Ata ni, ó pọ́n dẹ́dẹ́, lórí igi olówùú búlúù, àwọn mélòó kan sì ti ń pọ́n tẹ̀lé e. Ó ka ọjọ́ lórí ìka. Ọjọ́ méjìlélọ́gọ́ta péré ni. Tirẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀, kò jọ pé ó ní í lọ́kàn láti pọ́n rárá.

Kó tó di ọ̀sán, gbogbo ọlọ́gbà ti pé sọ́dọ̀ Ìyá Agbẹ̀bí. Akọ̀wé ilé ìlagi, ẹni tí ọ̀rọ̀ kì í gbé nínú rẹ̀, yíjú sí káfíńtà, ó ní, "Bàbá Àkọ́pọ́n, ṣé ká yáa máa pè yín ní Bàbá Àkẹ́yìn?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára bí ẹ̀rún pákó ṣe ń wọ ìka. Ó kéré, kò ṣeé yọ, ó sì ń ro ó.

Nígbà tó délé, ó bá ìyàwó rẹ̀ ní ilé ìdáná tó ń jẹ ata ní tútù. Ìyá Agbẹ̀bí ló fi méjì ránṣẹ́ sí i.

Ìyàwó ní, "Ẹ tọ́ ọ wò. Ó dùn."

"Ara rẹ̀ fẹ́lẹ́ jù."

"Ẹ ò tíì fọwọ́ kàn án."

"Mo ti rí i láti òkèèrè."

"Bàbá wọn, owú lẹ ń jẹ."

"Èmi? Kí ni mo fẹ́ máa jowú ata sí?"

"Ohun tí èmi náà ń bi ara mi nìyẹn."

Kò jẹun lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ kejì, tí ìyàwó rẹ̀ ti jáde, ó wọ ilé ìdáná, ó tú inú ike ìdọ̀tí bóyá á rí hóró ata náà ṣà. Wọ́n ti da ìdọ̀tí nù. Nígbà tó di agogo méjì ọ̀sán, tí oòrùn ti lé gbogbo ènìyàn wọlé, ó gba àárín ṣọ̀mbọ̀ ara rẹ̀ kọjá, ó já méjì lórí igi olówùú búlúù, ó fi fìlà bò wọ́n. Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin ni o. Nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó ti tì láti ìgbà tó fẹ̀yìn tì, ó la ata náà, ó sá hóró rẹ̀ sórí ìwé ìròyìn, ó sì kó o sínú agolo ìṣó. Kò kọ nǹkan kan sára agolo náà. Kí ni ì bá kọ?

Nígbà tí àsìkò gbígbìn tún dé, ó gbé irúgbìn àtijọ́ rẹ̀ tì sínú ìgò. Irúgbìn inú agolo ló fi gbin gbogbo ègé rẹ̀, igi méjìlélógójì. Láti ìgbà tí wọ́n ti hù ni ọkàn rẹ̀ kò ti balẹ̀. Kò sí méjì tó jọra. Òmíràn ga fíofío, òmíràn ràbàbà sílẹ̀. Èso òmíràn kọrí sísàlẹ̀, ti òmíràn nàka sókè bí ẹni tó ń jà. Wọ́n dà bí ọmọ ilé kan tí bàbá wọn kì í ṣe ọ̀kan. Síbẹ̀, ó ń ka ọjọ́.

Lọ́jọ́ ọgọ́ta, ọ̀kan pọ́n. Kò sí èyí tó tíì pọ́n ní ọ̀dọ̀ Ìyá Agbẹ̀bí. Káfíńtà mú òkúta, ó fi lu irin ẹ̀rọ omi títí gbogbo ọlọ́gbà fi dé. Ó gé ata náà tínrín tínrín, ó pín in kárí. Akọ̀wé ló kọ́kọ́ ju tirẹ̀ sẹ́nu. Ojú rẹ̀ pọ́n ju ata lọ. Ó sáré lọ kì orí bọ abẹ́ ẹ̀rọ omi. Àwọn yòókù ń wúkọ́, wọ́n ń tutọ́.

Nígbà tí akọ̀wé rí ohùn, ó ní, "Bàbá, kí la ṣe yín?"

Ìyá Agbẹ̀bí fi ahọ́n kan tirẹ̀. Ó wo igi náà, ó wo ààlà níbi tí ṣọ̀mbọ̀ dúró sí. Ìgbà tí wọ́n túká tán ló jókòó sórí garawa tó dojú dé.

"Bàbá Àkọ́pọ́n, níbo lẹ ti rí irúgbìn yìí?"

"Ṣọ́ọ̀bù."

Ó ṣí ìwé rẹ̀. "Lọ́dún tó kọjá, igi kẹrin, òwú búlúù. Méje ló wà lórí rẹ̀ láàárọ̀, márùn-ún ló kù nírọ̀lẹ́. Mo kọ ọ́ pé méjì sọnù. Mi ò kọ ẹni tó mú un, torí mi ò rí i. Ṣùgbọ́n mo rí ojú bàtà lórí ebè mi, gìgísẹ̀ rẹ̀ ti jẹ lápá kan."

Káfíńtà wo bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀. Bàtà náà ni.

Ìyá náà béèrè pé, "Kí ló dé tí ẹ ò béèrè? Odindi páálí ni ǹ bá fún yín."

Káfíńtà ní, "Tí mo bá béèrè, mo ti gbà pé tiyín yá ju tèmi lọ nìyẹn."

"Ó yá ju tiyín lọ lóòótọ́. Tiyín dùn ju tèmi lọ. Mo kọ ìyẹn náà síbí."

Káfíńtà kò mọ̀ pé ìyá náà ti tọ́ tòun wò rí. Ó fi ọwọ́ bo ojú.

Ìyá Agbẹ̀bí wá ṣàlàyé ohun tí onírúgbìn sọ fún òun. Irúgbìn inú páálí, àdàlù oríṣi ata méjì ni wọ́n ti ṣe é, hóró tí èèyàn bá yọ nínú èso rẹ̀ kì í jọ ìyá rẹ̀ dọ́gba. Èyí tó burú jù ni pé oyin ti gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó ṣọ̀mbọ̀ wá sórí òdòdó tàtàṣé. Èso ọdún náà dùn, ṣùgbọ́n hóró inú rẹ̀ ti lóyún ata títa.

Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ sì gbin bàbá ọmọ sí ààlà fúnra yín."

Nígbà tí káfíńtà jẹ́wọ́ fún ìyàwó rẹ̀, obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Nígbà tó yá, ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Ẹni tó gba àwọn ọmọ wa sọ́wọ́ lẹ lọ jà lólè," ló sọ, kò sì bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Káfíńtà lọ bẹ Ìyá Agbẹ̀bí lọ́jọ́ kejì. Ó kọ́kọ́ hú gbogbo ṣọ̀mbọ̀ ààlà dànù kó tó sọ̀rọ̀.

Kì í ṣe gbogbo hóró náà ni oyin fọwọ́ kàn. Bí ata ṣe ń pọ́n, àwọn méjèèjì ń tọ́ wọn wò níkọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ife omi lọ́wọ́, títí wọ́n fi rí igi kan ṣoṣo láàárín méjìlélógójì, tó dùn, tó nípọn díẹ̀, tí kò sì pẹ́. Wọ́n fi hóró rẹ̀ pamọ́. Nígbà tó tún yọ òdòdó, káfíńtà gé kọ́tìnì àtijọ́ ìyàwó rẹ̀, ó kan férémù pákó, ó fi bò ó kí oyin má wọlé, ó sì ń fi ọwọ́ mi igi náà láràárọ̀ kí òdòdó rẹ̀ lè gba lẹ́búlẹ́bú ara rẹ̀. Ìgbà mẹ́rin ni wọ́n gbìn ín, tí wọ́n ń hú èyí tó bá pẹ́, tí wọ́n ń hú èyí tó bá ta, kó tó di pé gbogbo rẹ̀ jọra. Ọjọ́ méjìdínláàádọ́rin ló ń gbà. Ọlọ́gbà mẹ́fà ló ń gbìn ín báyìí. Ti Ìyá Agbẹ̀bí ṣì ń fi ọjọ́ mẹ́fà ṣáájú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, káfíńtà sọ fún ìyá náà pé, "Inú mi ṣì máa ń gbóná tí tiyín bá pọ́n."

Ìyá ní, "Mo mọ̀. Ọrùn yín máa ń pọ́n ṣáájú ata."

Lọ́dún yìí, orúnkún dá Ìyá Agbẹ̀bí dúró sílé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Káfíńtà ló ń bomi rin ebè rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, kó tó di pé ẹnikẹ́ni dé, ó rí i pé ọ̀kan ti pọ́n níbẹ̀. Òun nìkan ló rí i. Ó já ata náà, ó sì gba ọ̀nà ilé ìyá lọ.

Lẹ́nu ọ̀nà ilé ìlagi ló pàdé akọ̀wé.

Akọ̀wé ní, "Hẹ̀n-ẹ́n, ó ti pọ́n. Tiyín nìyẹn, Bàbá?"

Káfíńtà wo ata ọwọ́ rẹ̀. Ó nu eruku ara rẹ̀ sára ṣòkòtò, ó yí i padà, ó tún yí i padà.

Ó ní, "Rárá. Ti Ìyá Agbẹ̀bí ni," ó sì ń bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ.