Ìdọ̀bálẹ̀ Inú Karafáànù

Ní ìgbà òtútù ọdún tí bàbá mi wá ṣe úmúrà ní Mẹ́kà, mo yá ọkọ̀ onílé kan lọ́wọ́ ará Tọ́kì tó jẹ́ aládùúgbò wa ní Jẹ́dà, mo sì gbé Bàbá lọ sí etí òkun fún ọjọ́ méjì. Karafáànù ni gbogbo ènìyàn ń pe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀: ó gùn, ó ní bẹ́ẹ̀dì, sítóòfù, omi ẹ̀rọ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nínú. Mo sọ fún ìyàwó mi pé afẹ́fẹ́ òkun ni mo fẹ́ kí Bàbá lọ gbà. Ó ní kí òun àti ọmọ bá wa lọ. Mo ní àyè ò ní gbà wá. Irọ́ ni. Ènìyàn mẹ́rin ló lè sùn nínú ọkọ̀ yẹn láìfara gbún ara wọn. Ohun tí mo fẹ́ lọ ṣe ni mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí: mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún bàbá mi, kí n sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí n tó rí iṣẹ́ ògbufọ̀ ní ilé ìwòsàn kan ní Jẹ́dà, mo ti fi ọdún méje kọ́ òfin ẹ̀sìn ní Mẹ́kà. Ọdún kẹrin ni mo kọ́kọ́ lọ sílé. Bíríkìlà ni bàbá mi. Láti àárọ̀ ọjọ́ yẹn ló ti gbé àga síwájú ilé, tó wọ agbádá, tó ń retí mi. Àwọn aládùúgbò pé, àwọn bíríkìlà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ náà wá, nítorí ó ti sọ ọ́ kiri pé ọmọ òun ń bọ̀ láti Mẹ́kà. Mo sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, mo rìn lọ bá a, mo sì na ọwọ́ sí i. Ìyá mi ní, "Dọ̀bálẹ̀ kí bàbá ẹ, àbí kí ló ṣe ọ́?" Mo gbé ohùn sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́. Mo ní Ọlọ́run nìkan là ń forí balẹ̀ fún, pé ẹni tó bá ń dọ̀bálẹ̀ fún ènìyàn bíi tirẹ̀ kò yàtọ̀ sí abọ̀rìṣà. Mo tún fi èdè Lárúbáwá tì í lẹ́yìn. Ọ̀kan nínú àwọn bíríkìlà náà bú sẹ́rìn-ín. Bàbá mi wo ọwọ́ tí mo nà, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó sì wọlé lọ.

Láti ọjọ́ náà ni kò ti pe orúkọ mi mọ́. Àáfà ló ń pè mí. "Ẹ káàárọ̀, Àáfà. Ẹ jókòó. Ṣé ẹ ti jẹun?" Bàbá tó bí mi lọ́mọ ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá àgbà àdúgbò mìíràn sọ̀rọ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé yóò tán nínú rẹ̀. Ọdún ń gorí ọdún, kò tán.

Ohun tó burú jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé kò pẹ́ tí mo fi mọ̀ pé àṣejù ni mo ṣe. Mo ti kà á nínú ìwé, fúnra mi, pé àwọn onímọ̀ ò fẹnu kò lórí rẹ̀, pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ìkíni ọ̀tọ̀, ìjọsìn ọ̀tọ̀. Mo pa ìwé náà dé. Mi ò lè jẹ́ kó yí mi padà, nítorí ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló sọ mí di ẹni ńlá. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni àwọn ọkùnrin Yorùbá bíi mẹ́wàá máa ń wá sí pálọ̀ mi ní Ruwais, àdúgbò wa ní Jẹ́dà. Àwọn kan ń ti àdúgbò Karantina wá, mẹ́fà nínú ọkọ̀ kan ṣoṣo. Mo ń kọ́ wọn ní ẹ̀sìn, wọ́n ń pè mí ní Ustáàsì, ìyẹn olùkọ́, wọ́n sì ń ròyìn mi fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé pé èmi ni mo na ọwọ́ sí bàbá mi láàárín ìlú. Mo máa ń wolẹ̀ tí wọ́n bá ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n inú mi ń dùn.

Nígbà tí Bàbá wá dé sí ilé wa lẹ́yìn úmúrà rẹ̀, àwọn ọmọ kíláàsì mi yìí wá kí i. Wọ́n pè é ní Àlàájì, wọ́n dúró ṣánṣán níwájú rẹ̀, wọ́n ń na ọwọ́ sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó bọ gbogbo wọn lọ́wọ́. "Ẹ ṣeun, ẹ̀yin Àáfà," ló ń wí. Ó ti gbó gan-an. Agbára káká ló fi ń dìde lórí ìjókòó. Mo rí i pé bí ó bá padà sílé báyìí, mo lè má rí i mọ́. Ibẹ̀ ni mo ti ronú kan ọkọ̀ ará Tọ́kì.

Bàbá yí karafáànù náà po kí ó tó wọ̀ ọ́. Ó fi ìka kan ògiri rẹ̀. "Páálí ni," ó wí. A kò rìn tó wákàtí kan tí a fi dé etí òkun lápá àríwá ìlú. Òtútù ò pọ̀, ṣùgbọ́n atẹ́gùn ń fẹ́, Bàbá wọ súwẹ́tà mi lé ẹ̀wù rẹ̀. Ó bu omi sí gààrí tó gbé wá láti ilé, ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ náà, ó ń wo omi òkun. Odindi ọjọ́ kan lọ báyẹn. Mo ń bá a sọ̀rọ̀ nípa ọjà sìmẹ́ńtì àti nípa orúnkún rẹ̀, n kò sì lè sọ èyí tí mo bá wá.

Ní ọjọ́ kejì, ìdílé ará ibẹ̀ kan tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ nítòsí wa. Bàbá àgbà kan jókòó láàárín wọn, ó ń mu tíì. Ọkùnrin kan dé, irùngbọ̀n rẹ̀ gùn ju tèmi lọ dáadáa. Ó bẹ̀rẹ̀ níwájú bàbá àgbà náà, ó fi ẹnu ko ọwọ́ rẹ̀, ó fi ẹnu ko orí rẹ̀, ó tún tẹ̀ sísàlẹ̀, ó fi ẹnu ko orúnkún rẹ̀. Kò sẹ́ni tó yà lẹ́nu nínú wọn.

Bàbá mi gbé abọ́ gààrí kalẹ̀.

"Àáfà, ṣé Mùsùlùmí ni àwọn wọ̀nyí?"

"Mùsùlùmí ni wọ́n, Bàbá."

"Ṣé ọmọ rẹ̀ nìyẹn?"

"Ó jọ bẹ́ẹ̀."

"Ó dáa," ó wí, ó sì tún gbé abọ́ rẹ̀ nílẹ̀.

Ojú tì mí débi pé mi ò lè gbé orí sókè. Nígbà tí a kírun Alásàrì tán, mo ní kí a wọlé. Mo ti ilẹ̀kùn, mo fa kọ́tìnì ọ̀tún, mo fa ti òsì, mo tún fi aṣọ ìnura bo dígí iwájú. Bàbá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wò mí. Gbogbo nǹkan ni mo ti rò sílẹ̀, àfi bí ilẹ̀ inú ọkọ̀ náà ṣe gùn tó. Ààyè tó wà láàárín bẹ́ẹ̀dì àti sítóòfù kò gba ọkùnrin tó bá na ara rẹ̀ tán. Nígbà tí mo dọ̀bálẹ̀, orí mi kan ẹsẹ̀ tábìlì, ẹsẹ̀ mi sì ti ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ṣí. Mo ká kò síbẹ̀.

"Bàbá, ẹ foríjì mí," mo wí. "Ìgbéraga ni mo fi ẹ̀sìn bò. Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá."

Mo ń retí kí ó fọwọ́ kàn mí lẹ́yìn, kí ó ní kí n dìde. Kò kàn mí.

"Àáfà," ó wí, "kí ló dé tí ẹ fa kọ́tìnì?"

Mo yí ojú sí kọ́tìnì náà.

"Níṣojú ta ni ẹ ti na ọwọ́ sí mi lọ́jọ́sí?"

"Níṣojú gbogbo ènìyàn, Bàbá."

"Àwọn bíríkìlà yẹn ṣì wà. Títí di òní, bí èmi àti wọn bá ń jiyàn níbi iṣẹ́, ọwọ́ ni wọ́n ń nà sí mi, wọn á wá máa rẹ́rìn-ín." Ohùn rẹ̀ ò le, ó rẹ̀ ẹ́ ni. "Ọjọ́ Jímọ̀ ni àwọn ọmọ kíláàsì yín ń bọ̀. Màá wá jókòó sí pálọ̀. Ẹ dìde, ilẹ̀ yẹn dọ̀tí."

Ní ọjọ́ Jímọ̀, ènìyàn mọ́kànlá ló wá. Bàbá jáde, ó jókòó sórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Orí àlùwàlá ni a wà lọ́jọ́ náà. Mo mọ̀ pé bí mo bá pa ìwé dé, mo gbọ́dọ̀ dìde, bí mo bá sì dìde, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo gbọ́dọ̀ lọ dọ̀bálẹ̀. Nítorí náà mi ò pa á dé. Mo ka ojú ìwé kan, mo ka òmíràn, mo ń ṣàlàyé bí a ṣe ń fọ ọmọ ìka ẹsẹ̀ fún àwọn géńdé tó ti ń kírun láti kékeré. Bàbá ń gbọ́, ó fọwọ́ lé orúnkún. Ó pẹ́ kí ó tó di ògiri mú, tó dìde. Gbogbo wọn dìde fún un, wọ́n na ọwọ́. Ó bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ tán, ó wò mí níbi tí mo jókòó sí, ìwé lórí ẹsẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, Àáfà," ó wí. Ó wọ yàrá lọ di ẹrù rẹ̀.

Kò tó ọdún méjì sí i tí ó kú. Ìwé àṣẹ ìrìnnà mi ò tètè jáde, wọ́n ti sin ín kí n tó rí i gbà. Àwọn ọmọ kíláàsì mi wá bá mi dárò ní pálọ̀ náà. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọlúàbí ènìyàn tó ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, di ọwọ́ mi mú. Ó ní òun ò lè gbàgbé ọjọ́ Jímọ̀ tí Àlàájì wá jókòó tì wá, tí gbogbo àwọn dìde fún un, tí èmi nìkan jókòó sídìí ìwé mi. Ó ní, "Ustáàsì, ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé ohun tí ẹ̀ ń kọ́ wa dá yín lójú."

Mo ní, "Àlàmídùlílàyì." Gbogbo wọn ṣe àmín.