Ilẹ̀kùn Tí Kò Nílé Lẹ́yìn

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ sún mọ́bí kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí lọ́jọ́ tí bàbá mi wá wo eré wa. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o!

Nǹkan bí ọdún 1992 ni, n'Ílọrin. Mò ń kẹ́kọ̀ọ́ tíátà nígbà náà. Bàbá mi, àáfà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú ládùúgbò Gàmbàrí, kò fẹ́ ẹ rárá. Ó ní òun á wo eré kan ṣoṣo. Tó bá jẹ́ ìrànù, kí n lọ kọ́ ìṣirò. Èmi tí ìṣirò ti ń fìyà jẹ láti kékeré!

Ẹ sì wo irú eré tó wá bá! Ilẹ̀kùn kan ló dá dúró lórí ìtàgé, kò sí ògiri, kò sí ilé lẹ́yìn rẹ̀. Èmi ni àlejò tó ń kàn án. Mà á kí sálámù, ẹnikẹ́ni ò ní dáhùn, mà á tún kí, títí mà á fi jókòó sunkún. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Olùdarí eré wa, ọmọ Ọ̀mù-Àrán, ní bí ayé ṣe rí nìyẹn: èèyàn ń pè, ẹnìkan ò jẹ́.

Mo kan ilẹ̀kùn. "Àsàlámù aléékùm."

"Wa aléékùmù sàlámù," ẹnìkan dáhùn láàárín èrò. Bàbá mi ni.

Mo ṣe bí ẹni tí ò gbọ́, mo tún kí. Ó tún dáhùn. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, gbogbo ìlà tó jókòó sí ló ń bá a dáhùn. Ta ló máa gbọ́ sálámù n'Ílọrin tí á dákẹ́? Èmi ọmọ àáfà náà ò sì rò ó nígbà tí à ń fi eré náà dánra wò! Ẹkún tí mo ti fi oṣù kan kọ́, báwo ni mo ṣe fẹ́ sun ún? Ẹ̀rín ló bọ́ lẹ́nu mi. Mo ṣílẹ̀kùn, mo gba ibẹ̀ kọjá, eré sì parí láìtọ́jọ́.

Inú olùdarí ò dùn, kò sì fi pamọ́. Èmi ti ń ro ìṣirò.

Èmi àti bàbá ń lọ sílé, a ti kọjá àdúgbò Ṣàngó. Ìgbà yẹn ló béèrè ẹni tó nilé tí mò ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Mo ní kò sílé níbẹ̀, pé ilẹ̀kùn lásán ni. Ó mí kanlẹ̀.

"Láti ìgbà tí ìyá rẹ ti kú, mi ò wọ yàrá rẹ̀ rí láì kí sálámù. Ẹnikẹ́ni ò dáhùn rí. Eré yín kì í ṣe ìrànù. Máa bá a lọ."

Ọdún mẹ́ta ni màmá ti kú nígbà náà. Inú ilé kan náà lèmi àti bàbá jọ ń gbé, mi ò sì mọ̀. Ó dùn mí gan-an.

Láti ọjọ́ náà, ohun tó ń yà mí lẹ́nu jù nípa ọmọ èèyàn ni pé kò rí ìdáhùn lónìí, síbẹ̀ á tún kí lọ́la. Nítorí náà, ẹni tó bá kí yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a lóhùn. Ẹ̀yin náà ńkọ́, ilẹ̀kùn wo lẹ ṣì ń kàn? Ẹ sọ ọ́ síbí. Ó kéré tán, èmi á dáhùn.