Ẹ̀rọ Etí Bàbá Télọ̀

Ìgbà àkọ́kọ́ tí ọmọbìnrin yìí tú ẹ̀rọ ìgbọ́ràn bàbá rẹ̀, kò sàmì sí ibi tí wáyà pupa ti wá. Odidi ọjọ́ méjì ni bàbá fi jókòó bí ère. Láti ìgbà náà, orí aṣọ funfun ló ń to síkúrúù sí, bí wọ́n ṣe ń jáde tẹ̀lé ara wọn. Àwọn ará ilé ní ẹ̀bùn ni. Kì í ṣe ẹ̀bùn. Ìfarabalẹ̀ ọdún méjì ni. Wọ́n sọ ọ́ ní Dókítà Etí.

Ẹ̀rọ náà kò ju ilé ìṣáná lọ. Àpò àyà ni bàbá ń fi í sí, wáyà rẹ̀ á sì gba abẹ́ kọ́là lọ sí etí. Télọ̀ ni bàbá kó tó fẹ̀yìn tì, ara rẹ̀ sì le koko. Etí nìkan ló kọṣẹ́.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni ilé ìwòsàn kan lókèèrè ti pe ọmọ náà síṣẹ́ àtúnṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì, bó bá ti ku ọ̀la kó lọ, ẹ̀rọ bàbá á dákẹ́, òun náà á sì dúró tún un ṣe. Wọ́n pè é lẹ́ẹ̀kẹta: bí kò bá dé lọ́jọ́ Ajé, wọn yóò gba ẹlòmíràn. Láàárọ̀ ọjọ́ tí ó fẹ́ wọkọ̀, bàbá na ẹ̀rọ sí i. Ẹ̀rọ náà ti kú.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ní aláìsàn Dókítà ti dé, kí awakọ̀ máa lọ ní tirẹ̀.

Ó yọ bátìrì, ó tú síkúrúù mẹ́rin, ó ṣí ìdérí. Wáyà dúdú ti já. Èyí tí ogbó bá já, ẹnu rẹ̀ a máa rí jágajàga. Ẹ̀ẹ̀mejì ìṣáájú, kò wo ẹnu wáyà kó tó lẹ̀ ẹ́. Èyí mọ́ lẹ́nu, ó sì dàgẹ̀rẹ̀. Bí bàbá ṣe ń gé òwú nìyẹn.

Ó fẹ́ pariwo, àmọ́ ta ni yóò gbọ́? Kó tó lè bá bàbá jà, àfi kó kọ́kọ́ tún etí rẹ̀ ṣe. Ó fi òjé gbígbóná lẹ wáyà padà, ó dé e, ó fi bọ bàbá létí.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ gé e."

"Èmi ni."

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?"

"Nígbà tí o lọ kí àbúrò ìyá rẹ, ẹ̀rọ yìí dákẹ́ lóòótọ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ẹ̀gbọ́n rẹ ń la ẹnu, ó ń pa á dé bí ẹja. Kò sẹ́ni tó kọ nǹkan sílẹ̀ fún mi."

Awakọ̀ fọn fèrè. Bàbá ní kó máa lọ, òun ò ní gé e mọ́. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n jókòó, kí òun fi hàn án bí wọ́n ṣe ń tú u. Ẹ̀gbọ́n wo síkúrúù wọ̀nyẹn, ó ní ìka òun ti tóbi jù.

Ọkọ̀ lọ láìgbé ọmọ náà. Nígbà tí a gbúròó Dókítà Etí kẹ́yìn, ilé bàbá rẹ̀ ló wà, ní yàrá iwájú.