Nọ́ńbà Tí Mo Fi Kún

Obìnrin kan tó ń ta ẹja gbígbẹ ní etí omi Bárígà ló kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí fún mi, kò sì mọ̀ pé èmi gan-an ló ṣẹlẹ̀ sí. Ó ń ṣa ẹja fún mi, ó ń sọ̀rọ̀ lọ bó ṣe máa ń ṣe.

"Ayé ti bàjẹ́, bọ̀dá. Ọkùnrin kan ní Ṣómólú gbé mọ́tò lọ sọ́dọ̀ rìwáyà tó ń tún iná mọ́tò ṣe, ó ní kí wọ́n bá òun yí nọ́ńbà máílééjì tó ń ka ìrìn mọ́tò. Bàbá arúgbó kan ló fẹ́ tà á fún, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, èèyàn jẹ́jẹ́. Èmi ni mò ń ta ẹja fún bàbá náà, mo sì ti kìlọ̀ fún un."

"Ta ló sọ fún yín, ìyá?"

"Fọganáísà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rìwáyà náà. Ojú rẹ̀ ló ṣe."

"Ṣé ó ní wọ́n dín in kù ni, àbí wọ́n fi kún un?"

Ó gbójú sókè wò mí. "Bọ̀dá, ta ló máa ń fi kún un?"

Mo gba ẹja mi. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ kan tí mo ti ń retí bàbá kó wá gbé mọ́tò, kò wá, àṣé ohun tó dá a dúró nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín bó ṣe rí gan-an.

Bàbá yìí kì í ṣe àjèjì sí mi. Ìlú kan náà lòun àti bàbá mi ti wá, lápá Ọ̀yọ́. Nígbà tí mo fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tẹ̀wé ní Ṣómólú, òun ló dúró fún mi, ó sọ fún onílé pé ọmọ tí kì í purọ́ ni mí. Nígbà tí mo wá fẹ́ ta mọ́tò mi, òun náà ló ní òun máa rà á fún ọmọ òun obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní Igbóbì. Ó wọnú mọ́tò, ó fìka kan dáṣíbọ́ọ̀dù.

"Nọ́ńbà yìí ò rìn."

"Ó ti kú láti ọdún méjì, sà. 187,000 ló kú sí. Mọ́tò náà ò tiẹ̀ mọ̀, ó ń rìn lọ ní tiẹ̀."

Kò rẹ́rìn-ín. "Èmi ò lè ra ohun tí mi ò mọ ibi tó rìn dé. Tún un ṣe, kó máa ka òótọ́."

Kó máa ka òótọ́. Bí wọ́n bá kàn tún un ṣe, ibi tó kú sí ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, ìrìn ọdún méjì á sì gbé. Mo bá bẹ ọ̀rẹ́ mi kan, mo wọ mọ́tò tiẹ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ ń rìn, a tọ gbogbo ọ̀nà tí mò ń gbà lójúmọ́: láti ilé mi ní Bárígà dé ṣọ́ọ̀bù, láti ṣọ́ọ̀bù dé Onípanu àti Palmgrove tí mo ti ń gbé ìwé fún àwọn oníbàárà, títí padà dé ilé. Kìlómítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo fi iye ọjọ́ tí mo fi ṣiṣẹ́ sọ ọ́ di púpọ̀, mo fi ìgbà tí mo lọ sí ìlú wa kún un. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Ó di 197,000.

Mo gbé mọ́tò fún rìwáyà, mo ní kó jẹ́ kó máa kà ná, màá padà wá sọ ibi tó máa ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo fi máa dé, ó ti parí, ó ń nu dáṣíbọ́ọ̀dù. 92,000 ló wà níbẹ̀.

"Kí lèyí?"

"Ẹ̀gbọ́n, oore ni mo ṣe yín."

"Ta ló bẹ̀ ọ́?"

"Ṣebí ẹ fẹ́ tà á ni. Àbí mélòó lẹ fẹ́ ká dá a padà sí?"

"Mi ò fẹ́ kó padà síbì kankan. Fi kún un. 197,000."

Ó gbé irinṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ké sí fọganáísà. "Ẹ wá gbọ́ o. Ẹ̀gbọ́n ní ká fi kún un."

Fọganáísà fi táyà sílẹ̀, ó wá. "Àwọn agbábọ́ọ̀lù ń dín ọjọ́ orí wọn kù, ẹ̀yin ń fi kún ti mọ́tò. Ṣé ó fẹ́ gba owó ìfẹ̀yìntì ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Rìwáyà ní láti ọjọ́ tí òun ti ń ṣiṣẹ́ yìí, kò sẹ́ni tó ní kí òun fi kún un rí. Mo padà lọ lọ́jọ́ kejì, ó ní kò síná. Mo padà lọ lọ́jọ́ kẹta, ó ti fi 107,000 sí i, ó ní òun rò pé ẹnu mi ló ṣì. Ọjọ́ kẹrin ló tó ṣe ohun tí mo wí, ó sì ń mi orí bí ẹni pé mo ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́.

Ohun tó di ìtàn lẹ́nu ìyá ẹlẹ́ja nìyẹn.

Mo gba ọ̀dọ̀ bàbá lọ tààrà, ẹja ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó dá mi lóhùn, àmọ́ kò ní kí n jókòó.

"Wọ́n ní o yí i."

"Mo fi kún un ni, sà. Ẹ̀yin lẹ ní kó máa ka òótọ́."

"Ta ló máa ń fi kún un?"

Mo yọ ìwé ìṣirò mi jáde. Kò nawọ́ gbà á.

"Ìwé? Ìwọ tó o ń tẹ̀wé jẹun? Ìwé wo lo ò lè tẹ̀?"

"Ọwọ́ ni mo fi kọ ọ́, sà."

"Hẹn."

Ó ní ká ní mo fi í sílẹ̀ bó ṣe kú ni, òun ì bá gbà mí gbọ́. Òun tó ní kí n tún un ṣe.

Kò pẹ́ sígbà náà, ó ra mọ́tò mìíràn fún ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ta tòkunbọ̀. Mọ́tò náà dàgbà ju tèmi lọ dáadáa. 64,000 ló ń kà. Ó pè mí kí n wá wò ó, ó fìka kan nọ́ńbà náà, ó ní, "Wò ó. Èyí ni ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn."

Mo wò ó. Mo rí àpá ibi tí wọ́n ti fi irin ṣí igun dáṣíbọ́ọ̀dù náà. Mo ní, "Ẹ kú oríire, sà."

Mọ́tò mi ṣì wà níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ó ń kà. Bàbá ṣì ń kí mi, ó ń béèrè ìyàwó àtàwọn ọmọ, ṣùgbọ́n kò tún pè mí ní ọmọ tí kì í purọ́ mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó tì mí yìí, tó bá bi yín nípa mi, kí lẹ máa sọ fún un?