Ògiri Tí Bàámi Fi Sìmẹ́ńtì Rẹ́

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, atẹ́gùn ò fẹ́ rárá. Oòrùn ti yọ, ṣùgbọ́n eruku pupa tó dúró lójú ọ̀run ò jẹ́ kó ràn. Ooru mú débi pé àwọn ewúrẹ́ ò jẹun, wọ́n kàn fara ti ògiri. Lápá ìlà oòrùn, ìkùukùu dúdú ti ń gun ara wọn. Òjò ńlá àkọ́kọ́ lọ́dún yẹn ló ń bọ̀. Ní Gamkalley, àdúgbò tí à ń gbé nílẹ̀ àwọn Zarma, inú gbogbo ẹni tó ní oko létí odò ló ń dùn, àfi baba arúgbó kan tó ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ògiri ilé àtijọ́. Á gbá a, á tẹ́tí sí i, á tún gbá a.

Ọ̀mọ̀lé ni baba náà, ọmọ Zarma. Kaay là ń pè é, bàbá àgbà nìyẹn lédè wọn. Ilé tí mò ń wí yìí, ilé olóyè kan ni láyé ìjọ́un, amọ̀ látòkè délẹ̀. Ìjọba ti kan pátákó irin mọ́ ọn pé ilé ìtàn ni, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wó nǹkan kan níbẹ̀, wọ́n sì fi ọlọ́dẹ kan sẹ́nu ọ̀nà. Iyàrá iwájú ni aáfà ti ń kọ́ àwa ọmọ ní kéwú. Lọ́dọọdún, kí òjò tó dé, Kaay ló ń rẹ́ ẹ. Á po amọ̀ mọ́ èèpo ìrẹsì àti ìgbẹ́ màlúù, á fomi sí i, á fi í sílẹ̀ títí yóò fi máa rùn. Bí àwọn ìyàwó ilé bá ń bú u nítorí òórùn yẹn, á ní, "Ẹ máa bú mi. Ògiri ò bú mi."

Lọ́dún yẹn, bàámi, tó ń ta aṣọ lọ́jà ńlá, àti àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ ẹgbẹ́ ẹ̀ fẹ́ ṣe sàdákà. Wọ́n gbàṣẹ, wọ́n ra sìmẹ́ńtì, wọ́n rẹ́ ògiri náà, ó ń dán. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe ilé amọ̀ nílé wa, ó sì ń dúró. Ohun tí wọ́n gbàgbé ni pé ilé Ògbómọ̀ṣọ́ ní páànù tó yọ síta bí etí àkẹtẹ̀. Amọ̀ pẹrẹsẹ ni òrùlé tibí. Òjò wẹẹrẹ kan ti rọ̀ lọ́sẹ̀ méjì ṣáájú, omi ti gba òkè wọ inú ògiri, sìmẹ́ńtì ò sì jẹ́ kó jáde.

Aáfà rán mi lọ pọn omi àlùwàlá. Àwọn yòókù wà nínú ilé, àbúrò mi obìnrin wà láàárín wọn. Kaay pè mí. Zarma nìkan ló ń sọ. Aáfà ò gbọ́ ọ, Zarma tí bàámi sì gbọ́ ò ju ti ìnájà lọ. Èmi ni ògbufọ̀ wọn.

"Sọ fún baba rẹ pé ó ti pa ògiri yìí. Inú rẹ̀ ti kú. Kó wá kó àwọn ọmọ jáde, kó bá mi bẹ ọlọ́dẹ kí n fọ́ sìmẹ́ńtì rẹ̀ kí òjò tó dé. Bí kò bá wá, ìgbéraga rẹ̀ ni yóò sin wọ́n."

Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé, ta ni yóò lọ sọ irú ẹ̀ fún bàbá ẹ̀? Ilé wa kọjú sí ibẹ̀. Mo bá bàámi níbi tó ti ń di ẹrù ọjà. Mo kúnlẹ̀.

"Bàámi, Kaay ní kí n kí yín. Ó ní ẹ kú iṣẹ́ àánú. Ó ní ògiri yẹn ń fẹ́ àtúnṣe díẹ̀, bí ẹ bá ráyè."

Bàámi rẹ́rìn-ín. "Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ baba yẹn, ó ń jowú. Ní kó lọ jókòó síbòji."

Mo padà sọ fún Kaay pé bàámi ń bọ̀. Ó gbà mí gbọ́. Ó dúró, ó ń wo ẹnu ọ̀nà wa.

Atẹ́gùn dé lójijì, eruku bo gbogbo àdúgbò. Aáfà ti ilẹ̀kùn, ó kó àwọn ọmọ sún mọ́ ògiri. Kaay gbé ọkọ́. Ọlọ́dẹ di ọkọ́ mú.

"Kaay, pátákó nìyí o. Àbí kọmísáríà àwọn ọlọ́pàá lo fẹ́ sùn?"

"Mú mi lọ. Òrùlé tibẹ̀ ò kúkú jò." Ó yíjú sí mi. "Baba rẹ dà?"

Mo sáré wọlé lọ bá bàámi. Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò kúnlẹ̀. Mo sọ gbogbo ẹ̀ bó ṣe jáde lẹ́nu Kaay, òkú ògiri, ìgbéraga, ìsìnkú. Mo ń retí ìgbátí.

"Ìgbà wo ló sọ ọ́?"

"Láti ìgbà tí mo kọ́kọ́ wá."

Bàámi ju aṣọ sílẹ̀, ó sá jáde láìwọ bàtà. Òun àti Kaay ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n ń fa àwọn ọmọ lápá. Ọlọ́dẹ pàápàá bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn fa ọmọ jáde. Àbúrò mi ló jáde kẹ́yìn, torí ó padà lọ mú wàláà ẹ̀. Òjò ti ń rọ̀. Sìmẹ́ńtì wú síta bí ikùn aláboyún, ó sán, ògiri sì ya lulẹ̀ sórí ẹní tí wọ́n jókòó sí. Ariwo ẹ̀ ò pọ̀. Ó dún bí ìgbà tí màlúù bá wó sùn.

Bàámi dúró nínú òjò. "Fofo, Kaay," ó ń wí, "fofo." Bí wọ́n ṣe ń dúpẹ́ nìyẹn.

Kaay wo ẹsẹ̀ bàámi nínú ẹrẹ̀. Ó ní, "Sọ fún baba rẹ pé kó lọ wọ bàtà."

Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Mo ti darúgbó báyìí. Bí mo bá lọ sí ọsibítù, Faransé ni dókítà ń sọ, ọmọ ọmọ mi ló ń túmọ̀. Mo máa ń wo ojú ẹ̀. Bí ohùn ẹ̀ bá ti rọ̀ jù, mo mọ̀ pé ó ń yọ nǹkan kúrò. Mà á ní, "Sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́, ọmọ mi. Ara mi ni." Ìbẹ̀rù tí mo bẹ̀rù bàbá mi, mo pè é ní ọ̀wọ̀, ó kù díẹ̀ kó gba àbúrò mi lọ.

Lọ́jọ́ kejì tí ògiri náà wó, lẹ́yìn ìrun àárọ̀, mo lọ bá Kaay níwájú òkìtì amọ̀ náà. Mo sọ ohun tí mo kọ́kọ́ sọ fún bàámi fún un, mo sì jẹ́wọ́ irọ́ tí mo pa fún òun alára. Kò bú mi. Ó ní amọ̀ yẹn ṣì dára, a óò pò ó padà, ṣùgbọ́n èérún sìmẹ́ńtì kan ò gbọdọ̀ kù nínú ẹ̀. Ó gbé agbọ̀n fún mi. Mo jókòó, mo sì ń ṣa èérún náà títí wọ́n fi pe ìrun ọ̀sán.